Bí a ṣe ń la igi tí ìjì wó di pákó tó ṣeé lò

Igi tí ìjì wó, èyí tí àrá sán, èyí tó kú lórí ìdúró, èyí tí wọ́n gé nítorí pé ó fẹ́ wó lu ilé: gbogbo wọn ló lè di pákó. Ìjì kọ́ ló sábà máa ń ba irú igi bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó fi sùn sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kun ojú rẹ̀ lọ́dà, àti oṣù mélòó kan tí pákó rẹ̀ fi dùbúlẹ̀ lórí ara wọn láìsí àyè afẹ́fẹ́, ló ń sọ gẹdú gidi di igi ìdáná. Ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ lórí ohun tó ṣáájú lílà àti ohun tó tẹ̀ lé e ju lílà fúnra rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá òfin ibẹ̀ fẹ́ ìwé ìyọ̀ǹda kí a tó gbé igi kúrò, torí igi tó ti wó pàápàá lè wà lábẹ́ òfin igbó. Tí wáyà iná bá wà lára igi náà tàbí nítòsí rẹ̀, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn títí àwọn òṣìṣẹ́ iná yóò fi pa iná ibẹ̀. Kò sí pákó tó tó ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wò ó bóyá ó tó lílà. Ìtì tí fífẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kò tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tàbí tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà méjì, kì í sábà san wàhálà rẹ̀, àfi tó bá jẹ́ igi tó ṣọ̀wọ́n. Ẹ fi ẹ̀yìn àáké lu ara rẹ̀ láti ìdí dé orí. Igi tó dá ṣáṣá máa dún gbọnin. Ibi tó bá dún bí àgbá òfìfo, inú rẹ̀ ti jẹrà. Tí olú bá hù sára ìtì, ìjẹrà ti wọ inú jìnnà ju ibi tí olú náà wà lọ, sókè àti sísàlẹ̀.

Ẹ wo bí ìlà ara èèpo ṣe ń lọ. Tí àwọn ìlà náà bá dọ́gba láti ìdí lọ sókè, pákó rẹ̀ máa tọ́. Tí wọ́n bá ń yí ìtì po bí okùn tí wọ́n lọ́, pákó rẹ̀ máa lọ́ bákan náà nígbà tó bá ń gbẹ, kò sì sí ẹrù tí ẹ lè gbé lé e tó máa dá a dúró. Irú rẹ̀ dára fún òpó kúkúrú tàbí ìjókòó tó nípọn, kò dára fún pákó gígùn.

Ẹ̀ka ńlá máa ń wu ojú, ṣùgbọ́n a kì í sábà là á. Ẹ̀ka àti ìtì tó ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ọdún pípẹ́ máa ń kọ́ igi àrà ọ̀tọ̀ sára kí wọ́n má bàa wó: lára igi eléwé fẹ̀ǹfẹ̀, apá òkè ló máa ń wà, lára igi páìnì àti àwọn ẹbí rẹ̀, apá ìsàlẹ̀ ni. Igi yìí máa ń sún kì gan-an ní gígùn nígbà tó bá ń gbẹ, èyí tó kù lára pákó kan náà kò sì ní sún kì bẹ́ẹ̀, ni pákó náà bá tẹ̀ bí ọrun. Ẹ máa rí i tí àárín gbùngbùn òrùka inú igi bá ti kúrò láàárín tó sì ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi tí ẹ̀ka ńlá méjì ti pín ló yàtọ̀: ojú rẹ̀ máa ń ní àwòrán tó rẹwà, ó sì yẹ kí a là á nípọn fún tábìlì.

Igi tí ìjì gidi wó ní àléébù kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Kí ó tó wó, ìjì ti tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ sì lè ti fún pa ní àwọn ibì kan. Lójú pákó tí a ti fá, ó máa ń hàn bí ìlà tín-ín-rín tó dábùú ojú igi, bí ìwúnjọ ara. Pákó bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ lójijì níbi ìlà náà láìfi àmì kankan hàn ṣáájú. Ẹ lè fi ṣe àpótí tàbí férémù àwòrán, kò gbọdọ̀ di àkàbà, àga tàbí igi àjà. Níbi tí ìtì bá ti ṣẹ́, ẹ gé e dànù títí dé mítà kan kọjá ibi tí ojú yín ti rí sísán mọ, torí sísán máa ń wọ inú ju bó ṣe hàn lọ. Igi tí àrá sán lè ti là láti orí dé ìdí; tí ìlà náà bá jẹ́ ẹyọ kan tó sì tọ́, ẹ fi í ṣe ibi tí ẹ ó ti là á.

Irin ni ọ̀tá abẹ. Igi tó hù lẹ́bàá ọgbà, ilé tàbí ojú ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wà láìní ìṣó, wáyà tàbí irin ìkọ́ nínú, pàápàá ní mítà méjì àkọ́kọ́ láti ìdí, níbi tí ọwọ́ ènìyàn dé. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wá irin máa rí èyí tó wà nítòsí èèpo. Èyí tó jìn sínú lè bọ́ lójú rẹ̀. Nítorí náà ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé: àwọ̀ búlúù tó ń ṣú lọ sí dúdú, tó nà gùn nínú igi bí ìgbà tí yíǹkì dà sí ìwé, irin tó ń dípẹtà ló fà á. Ẹ gbẹ́ ẹ jáde, tàbí kí ẹ gé apá ibẹ̀ sọ nù.

Bí a ṣe ń tú igi tó wó sílẹ̀

Ibí ni ewu pọ̀ sí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ìtì tó wó kì í sùn lásán. Apá kan lára rẹ̀ ti nà, apá kejì ti fún, bí ẹ bá sì gé ibi tó nà lójijì, ó lè là sókè tàbí kí ó ju ayùn padà sí ẹni tó dì í mú. Tí ìtì bá gún orí nǹkan méjì tí àárín rẹ̀ wà lófuurufú, òkè ló fún, ìsàlẹ̀ ló nà. Tí ìdí rẹ̀ bá dúró lórí nǹkan tí orí rẹ̀ wà lófuurufú, òkè ló nà, ìsàlẹ̀ ló fún. Òfin rẹ̀ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gé apá tó fún, kí ó wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́rin fífẹ̀ ìtì. Lẹ́yìn náà kí ẹ parí rẹ̀ láti apá tó nà, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo bí ojú ibi tí ẹ gé ṣe ń ṣí. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti apá tó nà, igi lè ya kí ẹ tó gé e tán. Tí ẹ bá gé apá tó fún jù, á há ayùn mọ́lẹ̀.

Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ tú pẹ̀lú odindi ilẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Ìtì ló di gbòǹgbò náà mú. Bí ẹ bá gé ìtì kúrò, kùkùté lè dìde padà sí ipò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí kí ó wó síwájú. Ẹnikẹ́ni, ọmọdé ní pàtàkì, kò gbọdọ̀ wà nínú ihò ẹ̀yìn gbòǹgbò náà. Ẹ fi okùn wáyà dì í sí igi mìíràn tó dúró gbọnin tí ó bá tóbi, kí ẹ sì fi mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sára kùkùté kó lè wúwo.

Ẹ kò gbọdọ̀ dá ṣe é. Àṣíborí, gíláàsì ojú, ìdítí, bàtà tí irin wà níwájú rẹ̀ àti ṣòkòtò tí wọ́n ṣe láti dá ṣéènì dúró kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Igun òkè ní orí irin ayùn kò gbọdọ̀ kan nǹkankan: tó bá kàn, ayùn náà á fò padà sí ojú ẹni tó mú un kí ó tó mọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń gé e sí ìtì kéékèèké, ẹ fi 10 sẹ̀ǹtímítà kún gígùn tí ẹ fẹ́, torí ẹnu méjèèjì máa sán díẹ̀. Ẹ ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ kí ẹ tó pe àwọn tó máa gbé e. Ìtì tó fẹ̀ 50 sẹ̀ǹtímítà tó sì gùn 2.5 mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mítà kúbíìkì (mítà kúbíìkì kan ni àyè tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan). Igi tútù máa ń wúwo tó 800 sí 1,100 kìlógíráàmù fún mítà kúbíìkì kan, nítorí náà ìtì yẹn tó ìdajì tọ́ọ̀nù. Ẹ fi ọ̀pá gígùn yí i, ẹ fi wíǹṣì fà á. Tí kò bá sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà dé ibẹ̀, ẹ là á níbi tó wó sí, kí ẹ máa ru pákó jáde.

Ẹ kun ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà

Omi máa ń jáde lẹ́nu ìtì kíákíá ju bó ṣe ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ. Ẹnu á gbẹ, á sún kì, inú kò tíì sún kì, ni igi bá sán. Lábẹ́ oòrùn, wákàtí mélòó kan ti tó fún sísán láti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà ilé tó ṣẹ́kù nínú àgbá, tí a kùn lẹ́ẹ̀mejì kó nípọn, ti tó fún ọ̀pọ̀ igi. Ìda tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí sàn jù ú lọ. Ojú ibi tí ẹ gé ẹ̀ka kúrò náà, ẹ kùn ún. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó kun ọ̀dà kàn ń fi ọ̀dà bo sísán tó ti wọlé ni.

Báwo ni ìtì ṣe lè pẹ́ tó kí a tó là á? Ó dọ́wọ́ irú igi àti ojú ọjọ́. Igi aláwọ̀ funfun, bíi arère, máa ń gba àwọ̀ búlúù láti ọwọ́ èébu láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ooru àti òjò. Àwọ̀ náà kì í sọ igi di aláìlágbára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ lójú tábìlì. Ọkàn ìrókò tàbí tíìkì lè sùn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹrà. Ìpele funfun tó wà lábẹ́ èèpo wọn kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, òun ni kòkòrò máa kọ́kọ́ wọ̀. Níbi gbogbo, ẹ gbé ìtì kúrò lórí ilẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ lórí igi méjì, ẹ sì fi í sábẹ́ ìbòòji. Tí yóò bá pẹ́, ẹ máa wọ́n omi sí i lemọ́lemọ́: igi tó rin gbindin kò ní afẹ́fẹ́ nínú, èébu kò sì lè gbé níbi tí kò sí afẹ́fẹ́.

Ayùn wo?

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni ayùn oníṣéènì tí a so férémù irin mọ́, kí ó lè máa rìn ní ìdùbúlẹ̀ lórí ìtì. Ó rọrùn láti gbé wọ igbó, ó sì lè la ìtì tó fẹ̀ gan-an. Àléébù rẹ̀ ni fífi igi ṣòfò: ojú tí ṣéènì là máa ń fẹ̀ tó 8 mílímítà, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ẹ bá ń la pákó 25 mílímítà, gbogbo ìgbà mẹ́ta tí ẹ bá là, odindi pákó kan ti di ìyẹ̀fun. Èkejì ni ẹ̀rọ báńdì, tí abẹ rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tó ń yí po lórí àgbá méjì. Ojú tí òun là kò ju 2 sí 3 mílímítà lọ, ó sì yára. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ilẹ̀ títẹ́jú, ó sì fẹ́ ìtì tó lè wọ ẹnu rẹ̀. Fún igi kan tàbí méjì tó wó, ayùn oníṣéènì ni. Tí igi bá pọ̀ tí ọ̀nà sì wà, ẹ pe ẹni tó ní ẹ̀rọ báńdì alágbèéká, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí sọ́mìlì.

Ayùn oníṣéènì tí a fi ń la igi gbọ́dọ̀ lágbára. Ẹ́ńjìnnì 60 cc ni ó kéré jù, fún ìtì tí kò fẹ̀ ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Tó bá ju 50 lọ, 90 cc ni kí ẹ wá. Ṣéènì tí a fi ń gé igi lábùú kò bá iṣẹ́ yìí mu. Eyín tirẹ̀ ni a máa ń pọ́n sí 30 dígíríì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti lílà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi 10 dígíríì, kí ó lè fá igi ní gígùn kí ojú pákó sì dán. Òróró ẹ́ńjìnnì tí a ń pò mọ́ bẹntiróòlù sábà máa ń jẹ́ 20 mílílítà fún lítà kan, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé ohun tí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ. Lílà máa ń mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ní agbára kíkún fún ìṣẹ́jú púpọ̀ léraléra, ohun tí gígé lásán kì í ṣe, nítorí náà tí ẹ bá là dé ìpẹ̀kun, ẹ jẹ́ kí ó sáré jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí ó lè tutù kí ẹ tó pa á.

Bó ṣe yẹ kí pákó tóbi tó

Igi tútù máa sún kì. Kì í sún kì bákan náà ní gbogbo ọ̀nà: bí òrùka ṣe yí po ni ó ti ń sún kì jù, nǹkan bíi ìlọ́po méjì èyí tó wà láti àárín sí èèpo, ní gígùn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Fún ọ̀pọ̀ igi líle, ẹ fọkàn sí nǹkan bíi ìdá 8 nínú 100 ní yíyí po, àti ìdá 4 láti àárín sí èèpo. Tí ẹ bá fẹ́ pákó tó máa nípọn 25 mílímítà lẹ́yìn fífá, ẹ là á sí 30 tàbí 32. Èyí tó máa jẹ́ 50, ẹ là á sí 60 tàbí 65. Pákó tí ẹ fẹ́ kó fẹ̀ 200 mílímítà, ẹ fi í sí 220.

Àìdọ́gba yìí náà ló ń mú kí pákó tí a là bẹẹrẹ láti èèpo dé èèpo máa ká bí àwo: ojú tó kọjú sí èèpo ló máa ń jìn sínú. Tí ẹ bá la ìtì sí mẹ́rin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó, tí òrùka fi dúró ní òró lójú pákó, kò ní ká bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa pàdánù igi sí i, iṣẹ́ á sì le. Ìtì tó wà lábẹ́ 45 sẹ̀ǹtímítà kò tó ohun tí à ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Àárín gbùngbùn ìtì kò gbọdọ̀ wà nínú pákó tẹ́ẹ́rẹ́. Pákó tó bá ní in máa là lójú ibẹ̀. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ bí òpó onígun mẹ́rin, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ayùn gba àárín rẹ̀ gan-an kọjá.

Lílà pẹ̀lú ayùn oníṣéènì

Ẹ fọ ẹrẹ̀ àti yanrìn kúrò lára ìtì, tàbí kí ẹ bó èèpo rẹ̀. Yanrìn inú èèpo máa ń mú kí eyín ṣéènì kú yára ju bí igi líle ṣe ń ṣe lọ. Ẹ gbé ìtì sórí igi méjì, kí orí tí ayùn máa bẹ̀rẹ̀ sí ga ju èkejì lọ díẹ̀, kí ìwúwo ayùn lè máa ràn yín lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì dì í lọ́tùn-ún lósì kó má yí.

Lílà àkọ́kọ́ ló ń pinnu gbogbo èyí tó kù. Nítorí pé ẹ̀yìn ìtì rí gbágungbàgun, ayùn nílò ojú títọ́ kan láti rìn lé. Pákó títọ́ tó nípọn 5 sẹ̀ǹtímítà, tàbí àkàbà alúmíníọ́ọ̀mù, ni a ń lò. Kí ó gùn ju ìtì lọ ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ní ẹnu méjèèjì, kí férémù lè ti jókòó kí ṣéènì tó kan igi, kí ó má sì tẹ̀ nígbà tó bá ń jáde. Ẹ dè é mọ́ ẹ̀yìn ìtì pẹ̀lú ìṣó onílọ́. Ìtì sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ju ìdí lọ: ẹ wọn gíga láti àárín gbùngbùn dé pákó ìtọ́sọ́nà ní ẹnu kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi igi pẹlẹbẹ gbé apá orí sókè títí méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó lábùú ní ẹnu méjèèjì; tí wọn kò bá bára mu, pákó yín ti lọ́ kí ó tó gbẹ.

Ẹ ṣírò ìṣó. Bí pákó ìtọ́sọ́nà bá nípọn 5 sẹ̀ǹtímítà, tí ìṣó sì wọ ìtì ní 4, ẹ fi 3 sí i fún ààbò: kí ṣéènì máa gba 12 sẹ̀ǹtímítà lábẹ́ ojú pákó náà.

Ẹ fún ayùn ní agbára kíkún kí ó tó wọ igi, kí ẹ sì máa tì í láìfi agídí ṣe é. Ìyẹ̀fun tó ń jáde á sọ bó ṣe ń lọ: tó bá jáde bí ìfọ́ wẹ́wẹ́, ó dára, tó bá ti di lẹ́búlẹ́bú, eyín ti kú, ẹ dúró kí ẹ pọ́n ọn. Lẹ́yìn gbogbo 50 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi wẹ́ẹ̀jì igi tàbí ti rọ́bà líle sẹ́yìn ayùn kí pákó òkè má bàa sọ̀ kalẹ̀ há a. Kò gbọdọ̀ jẹ́ wẹ́ẹ̀jì irin. Tí ẹ bá ti yọ ojú àkọ́kọ́, ẹ tú pákó ìtọ́sọ́nà. Láti ìsinsìnyí lọ, ojú títẹ́jú tí ẹ ṣe ni férémù máa rìn lé.

Àwọn igi kan ti fún ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń dàgbà. Yukalíptọ́ọ̀sì lókìkí fún èyí: bí ẹ ṣe ń gé pákó kúrò, ó ń tẹ̀ sókè, ìtì tó kù sì ń tẹ̀ sí òdì kejì. Ẹ má ṣe gé gbogbo pákó láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gé méjì, ẹ yí ìtì padà, ẹ gé méjì mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe títí dé àárín.

Bí pákó bá nípọn níhìn-ín tó sì fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ wo eyín ṣéènì kí ẹ tó bú férémù. Eyín ẹ̀gbẹ́ kan tó gùn ju ti èkejì lọ máa fa ayùn sókè tàbí sísàlẹ̀ nínú igi. Lórí ẹ̀rọ báńdì, ojú pákó tó ń rí bí ìgbì omi túmọ̀ sí pé abẹ ti kú, tàbí kò le tó lórí àgbá rẹ̀, tàbí pé ẹ ń sáré jù nígbà tó bá kan kókó. Ìyẹ̀fun igi ìrókò àti ọ̀pọ̀ igi olóòórùn máa ń yún ara, ó sì ń di èémí lọ́wọ́: ẹ lo ìbòmú tó lè dá eruku dúró, kì í ṣe aṣọ tí a wé mọ́nu.

Ìtòpọ̀: ibi tí pákó ti ń yè tàbí kú

Pákó tí ẹ là lónìí, ẹ tò ó lónìí. Pákó tútù tó sùn lórí pákó tútù mìíràn lóru méjì nígbà ooru ti ń hu èébu.

Ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí omi kò ń dúró sí. Ẹ to búlọ́ọ̀kù sí ìlà kí ìpele àkọ́kọ́ lè ga tó 30 sí 45 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, kí ẹ sì fi okùn àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó pé gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Bí ìpìlẹ̀ bá wọ́, pákó á gbẹ sí wíwọ́ náà, kò sì ní padà mọ́. Láàárín ìpele kan sí èkejì, ẹ tẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó nípọn 20 sí 25 mílímítà lábùú. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti gbẹ. Igi tútù máa fi àmì dúdú sójú pákó, àmì náà lè wọlé ju ohun tí ẹ lè fá kúrò lọ. Fún pákó 25 mílímítà, kí wọ́n jìnnà síra ní 40 sí 45 sẹ̀ǹtímítà. Fún 50 mílímítà, 60 ti tó. Kí èyí tó kẹ́yìn wà ní ẹnu pákó gan-an. Kí wọ́n dúró lórí ara wọn ní òró láti òkè dé ìsàlẹ̀, lórí búlọ́ọ̀kù, kí ìwúwo lè gba inú wọn bọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá yẹ̀ díẹ̀ ló máa tẹ pákó. Láàárín pákó sí pákó lórí ìpele kan náà, ẹ fi àyè 2 sí 3 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀.

Ẹ tún ẹnu pákó kùn, torí lílà lè ti fọ́ ọ̀dà ti tẹ́lẹ̀. Ẹ to búlọ́ọ̀kù tó wúwo lé ìpele òkè pátápátá, kí ẹ fi páànù bò ó kó yọ kọjá ẹ̀gbẹ́ ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ má fi ọ̀rá wé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Inú á di ilé èébu. Tó bá jẹ́ igi líle tó nípọn tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń fẹ́ gan-an, ẹ ta aṣọ tó ní ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń wá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́. Gbígbẹ tó yára jù ló ń la ojú pákó, pàápàá nígbà tó ṣì rin. Bí omi rẹ̀ bá ti lọ tán lójú, ẹ ká aṣọ náà kúrò.

Kòkòrò

Ihò kéékèèké tí etí rẹ̀ dúdú, tó fẹ̀ bíi 1 sí 2 mílímítà, lára igi tútù, iṣẹ́ àwọn kòkòrò tó ń gbin èébu sínú igi ni. Omi ni wọ́n fẹ́. Bí pákó bá ti gbẹ, wọ́n parí. Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni kòkòrò tó ń jẹ igi gbígbẹ tó sì ń yọ ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú bí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ihò rẹ̀. Ìpele funfun tó wà lábẹ́ èèpo igi líle ló ń jẹ, nítorí ṣítáàṣì tó wà níbẹ̀. Ẹ gé e kúrò lára pákó nígbà tí ẹ bá ń là á. Tí ẹ kò bá fẹ́ gé e, ẹ fi omi bóréètì kùn ún nígbà tí pákó ṣì tútù, torí omi inú igi ló máa gbé oògùn náà wọlé. Lójú igi gbígbẹ, kì í jìn. Ooru náà ń pa wọ́n: ìlànà àgbáyé fún igi tí a fi ń di ẹrù, ISPM 15, béèrè 56 dígíríì Sẹ́ṣíọ̀sì títí dé àárín igi fún ìṣẹ́jú 30 láìdáwọ́ dúró. Ní ti ikán, gíga búlọ́ọ̀kù àti ilẹ̀ mímọ́ tí kò ní ìfọ́ igi lábẹ́ ìtòpọ̀ ni ààbò àkọ́kọ́.

Ṣé ó ti gbẹ?

Wọ́n máa ń sọ pé ọdún kan fún gbogbo 25 mílímítà ìnípọn. Ní ilẹ̀ òtútù, ó súnmọ́ òótọ́. Níbi tó gbóná tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, pákó 25 mílímítà lè gbẹ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ má fi kàlẹ́ńdà ṣe ìdájọ́. Ẹ sàmì sí pákó kan tí ẹ lè fà yọ, ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nígbà tí ìwúwo rẹ̀ kò bá lọ sílẹ̀ mọ́, ó ti bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dọ́gba.

Láti mọ ìwọ̀n omi rẹ̀ gan-an láìsí ẹ̀rọ ìwọ̀n omi, ẹ gé ègé 2.5 sẹ̀ǹtímítà kúrò, kí ó jìnnà sí ẹnu pákó ní 40 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, torí ẹnu máa ń gbẹ ju inú lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi í sínú ààrò oníná ní 103 dígíríì Sẹ́ṣíọ̀sì títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́, nǹkan bíi ọjọ́ kan. Ẹ yọ ìwúwo gbígbẹ kúrò nínú ti àkọ́kọ́, kí ẹ pín èyí tó kù pẹ̀lú ìwúwo gbígbẹ. Ègé tó jẹ́ 150 gíráàmù tó wá di 120 ní omi 30 gíráàmù; 30 pín sí 120 jẹ́ ìdá 25 nínú 100. Ó ṣì tutù. Èébu kò lè gbé nínú igi tí omi rẹ̀ kò tó ìdá 20. Ìta gbangba sábà máa ń mú pákó dé ìdá 12 sí 18. Ohun èlò ilé tó máa wà nínú yàrá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbóná fẹ́ ìdá 6 sí 8. Níbi tí fèrèsé ń ṣí sí afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin, 10 sí 14 ló bá a mu.

Fún ìdí yìí, ẹ gbé pákó wọ yàrá tó jọ èyí tí wọ́n máa lò ó sí fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà láàárín wọn, kí ẹ tó fá a. Nígbà tí ẹ bá sì ń fá a, ẹ yọ ìwọ̀n kan náà lójú méjèèjì: bí ẹ bá fá ojú kan jìn tí ẹ sì fi èkejì sílẹ̀, ìnira tó fara sin sínú igi á jáde, pákó títọ́ á sì ti ká kí ilẹ̀ tó mọ́.